Àgùàlà àti Kámẹ́rà: Ìtàn Yíyà Fọ́tò Àwọn Pílánẹ́ẹ̀tì, láti Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún

Bí ẹ bá wà ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ní alẹ́ tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, tí òṣùpá kò sì sí lójú sánmà, ẹ ó rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Èkó àti Ìbàdàn ti gbàgbé. Òkè yí ìlú náà ká, kò sì sí ìlú ńlá nítòsí tí iná rẹ̀ lè pa ojú ọ̀run rẹ́. Ìràwọ̀ a pọ̀ lọ súà. Gbogbo wọn ni ń ṣẹ́jú, àfi ọ̀kan tàbí méjì tí ìmọ́lẹ̀ wọn dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá tún wò wọ́n ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé wọ́n ti kúrò ní ibi tí ẹ fi wọ́n sí láàrin àwọn ìràwọ̀ yòókù. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ẹgbẹ́ ayé wa ni wọ́n, òòrùn ni wọ́n ń yí po, ìmọ́lẹ̀ òòrùn náà ni wọ́n sì fi ń tàn.

Àwọn baba wa mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Àgùàlà ni. Nítorí pé ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù tuntun, àwọn kan pè é ní ajá òṣùpá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà já irọ́ yẹn: wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni a ń fi òwe náà ṣe lónìí, a sì ti gbàgbé pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti ní láti jókòó síta fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òṣùpá ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, tí Àgùàlà náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ìmọ̀ ìràwọ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa lónìí pé alẹ́ báyìí báyìí ni àgbà náà rí i. Ìmọ̀ náà kù, àkọsílẹ̀ kò sí.

Ní ìgbà tí mo sọ fún olùkọ́ kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún pé mò ń gbé awò awọ̀nàjíjìn lọ sí Òkè-Ìlá láti lọ ya fọ́tò Júpítà, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ti Òkè-Ìlá nínú fọ́tò Júpítà? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn ni?” Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá síwájú yín ní alẹ́ yìí. Èrò tèmi ni pé ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, àwọn ni ojú ọ̀run tí ó dára, ọgbọ́n fọ́tò, àti àkọsílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ti wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibi tí à ń sọ hàn fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé ibẹ̀ rí. Òkè-Ìlá ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òun àti Ìlá-Ọ̀ràngún, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìtàn sọ pé láti Ìlá Yàrà ni àwọn méjèèjì ti tú jáde. Arútú Olúòkun kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá, Ìgbọ́nńìbí kó tirẹ̀ lọ sí ibi tí Ìlá wà lónìí. Ọba ìlú méjèèjì ni ó ń jẹ́ Ọ̀ràngún. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí lè rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni a ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ bá bọ̀. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò àti bí a ṣe ń fẹ́ kí a rí wa nínú rẹ̀. Ìlá-Ọ̀ràngún ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà, láàrin àwọn onífọ́tò tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù sí ìgboro. Ohun tí ó yà á lẹ́nu jù lọ ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù. Nígbà tí ó bá wọ inú yàrá òkùnkùn, a tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, ìbejì méjèèjì a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n, ọmọ tí ó kù a wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, a wọ ti obìnrin lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tí a fi èyí tàn jẹ. Ìyá ọmọ mọ bí wọ́n ti ṣe é, onífọ́tò mọ̀ ọ́n, gbogbo ará ilé mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a óò tún padà sí i nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ya Júpítà.

Ìtàn yíyà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 1610, Galileo ará Ítálì kọ awò rẹ̀ sí Júpítà, ó rí àwọn ìmọ́lẹ̀ kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ya ipò wọn sínú ìwé ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ni ó fi mọ̀ pé òṣùpá mẹ́rin ni wọ́n, tí wọ́n ń yí Júpítà po. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn wò ó tí ó sì lọ sùn ni, kì bá tí mọ nǹkan kan. Fún ohun tí ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà, ọwọ́ àti pẹ́ńsù nìkan ni àwọn awòràwọ̀ ní. Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò dé, John William Draper ya òṣùpá ní New York ní ọdún 1840, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1879 kí Andrew Common tó rí àwòrán Júpítà tí ó ní láárí yà ní Ealing, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni ó fà á tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni pé pílánẹ́ẹ̀tì kéré lójú. Ìbú Júpítà, nígbà tí ó bá tóbi jù lọ lójú wa, kò tó ìdá kan nínú 30 ìbú òṣùpá. Èkejì, tí ó le jù, ni afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ti wo títì ọlọ́dà ní ọ̀sán gangan, tàbí tí ó ti wo òdìkejì iná tí a fi ń yan iṣu, mọ bí nǹkan ṣe máa ń mì lójú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin àwa àti Júpítà ṣe ń mì ní gbogbo òru. Onífọ́tò ìlú lè pàṣẹ fún oníbàárà rẹ̀ pé kí ó má mira; ta ni yóò pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún Júpítà? Kámẹ́rà ìgbà náà ní láti lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, gbogbo mímì náà a sì dàpọ̀ di ìrì. Ojú ènìyàn ní tirẹ̀ lè dúró de ìwọ̀nba ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, kí ó rí ohun tí ó fẹ́ rí, kí ọwọ́ sì yà á.

Ṣùgbọ́n ojú náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, ó máa ń rí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Percival Lowell ní Flagstaff, ní Amẹ́ríkà, fi ojú rẹ̀ rí àwọn ìlà gígùn lára Máàsì, ó ní odò tí ọwọ́ gbẹ́ ni wọ́n. Láti fi ẹnu àwọn oníyèméjì gbolẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Carl Lampland, ya Máàsì ní ọdún 1905. Àwòrán náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù fi ń rí èrò ara rẹ̀ nínú rẹ̀: ẹni tí ó gba Lowell gbọ́ rí odò, ẹni tí kò gbà á gbọ́ kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kò parí títí di ọdún 1965, nígbà tí ọkọ̀ Mariner 4 kọjá lẹ́bàá Máàsì tí ó sì fi àwòrán ránṣẹ́. Kò sí odò kankan níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ènìyàn Lowell ṣe ohun kan tí ó kan wa gan-an. Wọ́n mọ̀ pé bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ti súnmọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní láti là kọjá ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ní ọdún 1907, Earl Slipher bá David Todd lọ sí ilẹ̀ Chile láti ya Máàsì níbi tí ó ti ga. Ní ọdún 1939 ó tún gbéra, ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín, sí Bloemfontein ní South Africa, nítorí pé Máàsì ọdún náà kò lè ga ju nǹkan bí dígírì 29 lọ ní Flagstaff, ṣùgbọ́n ní Bloemfontein ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí. Ẹ wo ọkùnrin tí ó la òkun kọjá nítorí kí pílánẹ́ẹ̀tì kan lè wà lókè orí rẹ̀!

Òkè-Ìlá wà ní nǹkan bí dígírì 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é. Bí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé bá jẹ́ 0, tí àtàrí sì jẹ́ 90, Júpítà oṣù kẹfà ọdún 2019 ga tó 16 péré ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Òkè-Ìlá, 60 ni. Máàsì oṣù keje ọdún 2018 ga tó 13 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Òkè-Ìlá, ó ga tó 56. Ìmọ́lẹ̀ Júpítà ọdún 2019 yẹn la afẹ́fẹ́ kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó là kọjá ní Òkè-Ìlá, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Àárín ayé ni a wà, ọ̀nà tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá sì ń gba orí wa. Kò sí ọdún kan tí Júpítà tàbí Sátọ̀n kì í ga kọjá 55 ní ìlú náà. Àwọn tí wọ́n mọ iyì èyí kò jókòó sí ilé. Damian Peach, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ láyé, a máa di ẹrù rẹ̀ lọ sí erékùṣù Barbados kí ó lè rí ohun tí ọmọ Òkè-Ìlá ń rí láti ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀.

Ohun tí ó wá sọ iṣẹ́ náà di ti gbogbo ènìyàn ni kámẹ́rà kékeré orí kọ̀ǹpútà, tí ó gbòde ní ìparí ọ̀rúndún ogún. Kámẹ́rà yìí kì í ya ẹyọ kan. Fídíò ni ó ń ya, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán láàrin ìṣẹ́jú kan. Púpọ̀ nínú wọn ni afẹ́fẹ́ yóò ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ yóò bọ́ sí ìgbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà bíi RegiStax, tí Cor Berrevoets ará Netherlands ṣe, tí ó sì fi fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, a máa ṣa àwọn tí ó dára, a tò wọ́n lé ara wọn lórí, wọn a sì di ẹyọ kan tí ó mọ́ ju èyíkéyìí nínú wọn lọ. Kò sì gbọdọ̀ pẹ́ púpọ̀, nítorí Júpítà ń yí: kò tó wákàtí 10 tí ó fi ń yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, bí fídíò bá sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti ṣí kúrò.

Ẹ rántí àwọn onífọ́tò Ìlá. Wọ́n fi ẹyọ kan ṣe méjì. Àwọn wọ̀nyí ń fi ẹgbẹ̀rún ṣe ẹyọ kan. Nínú méjèèjì, ọwọ́ ènìyàn ni ó parí iṣẹ́ tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ará ilé mọ bí a ti ṣe fọ́tò ìbejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí fọ́tò Júpítà nínú ìwé kò mọ ohun tí wọ́n fi kún un. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù lórí kọ̀ǹpútà yóò bí ìlà tí kò sí lára Júpítà rí, yóò sì di Lowell kejì. Ní ọdún 2023, ariwo sọ láyé nítorí pé fóònù kan ń fi àbàwọ́n kún òṣùpá tí ìrì bo nínú fọ́tò, nítorí pé ó ti kọ́ bí òṣùpá ṣe yẹ kí ó rí. Èmi kò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí fi ń tọ́jú fídíò tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn, tí wọ́n sì ń kọ ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú sí i lára, pẹ̀lú aago Greenwich, kí ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn lè fi tirẹ̀ wé e.

Ẹ má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Christopher Go ń gbé Cebu ní ilẹ̀ Philippines, ní nǹkan bí dígírì 10 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, tí ó súnmọ́ dígírì tiwa pẹ́kípẹ́kí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìràwọ̀ ni ó fi ń jẹun. Ní oṣù kejì ọdún 2006, ó rí i nínú àwòrán rẹ̀ pé ìjì ńlá kan lára Júpítà, tí ó ti ń funfun tẹ́lẹ̀, ti di pupa. Òun ni ó sọ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2009, Anthony Wesley ní Australia, tí òun náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, rí àpá dúdú kan lára Júpítà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: nǹkan kan ti já lu ayé náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2010. Wesley rí iná kan tí ó bù yẹ̀rì lára Júpítà fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó lè jẹ́ pé kámẹ́rà rẹ̀ ni ó ṣe ségesège. Go lọ yẹ fídíò tirẹ̀ wò ní Cebu, iná náà wà níbẹ̀, ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹlẹ́rìí di méjì, ẹjọ́ sì parí. Nígbà tí ọkọ̀ Juno dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní ọdún 2016, àwọn tí ń darí rẹ̀ bẹ àwọn ènìyàn bí wọ̀nyí pé kí wọ́n máa fi fọ́tò wọn ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ojú ọkọ̀ náà kò tó.

Mo sọ pé mo gbé awò lọ sí Òkè-Ìlá. Awò kékeré ni, dígí inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 114 lọ, fóònù ọwọ́ mi ni mo sì fi ṣe kámẹ́rà. Èmi kò ní parọ́ fún yín: àwòrán àkọ́kọ́ dà bí ẹyọ àgbàdo funfun lórí aṣọ dúdú. Fóònù náà rí òkùnkùn, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí i, Júpítà sì fọ́ lójú. Nígbà tí mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, àwọn òṣùpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pòórá, ṣùgbọ́n ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú méjì yọ lára Júpítà fúnra rẹ̀. Tábìlì tí mo gbé awò lé ń mì. A gbé e kúrò, a fi búlọ́ọ̀kù sí ilẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí Júpítà fi ń jáde kúrò nínú awò, nítorí pé ayé ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọmọ kan tí ó ń wò ó kígbe pé, “Ó ń sá lọ!” Mo sọ fún un pé àwa ni à ń sá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò rán mi létí òjò. Òótọ́ ni. Júpítà ọdún 2019 ga, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni, ìkùukùu sì lè bo Ìgbómìnà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ pàápàá, omi ni ó ń dáwọ́ dúró, ìkùukùu kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ irú Júpítà bẹ́ẹ̀ ní láti máa jí ní ìdájí láti oṣù kejì sí ìkẹrin. Ọyẹ́ ń da eruku bo ìràwọ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n pílánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ tó láti là á kọjá, àwọn kan tilẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ a máa rọlẹ̀ nígbà tí kùrukùru bá wà. Owó náà jẹ́ ìṣòro. Awò kì í ṣe ohun tí olùkọ́ kan lè fi owó oṣù kan rà. Ilé ẹ̀kọ́ lè dá a rà. Kò sì yẹ kí a sọ pé kò sí olùrànlọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé láti ọdún 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà, tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sì wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́.

Júpítà máa ń lo nǹkan bí ọdún 12 láti yí òòrùn po. Ní ọdún 2031 àti 2032, yóò tún padà sí apá gúúsù bí ó ti wà ní ọdún 2019 àti 2020. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Páríìsì yóò tún máa wò ó láàrin èéfín ìlú wọn, lókè orùlé. Ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ìlá lónìí lè ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà.

Olùkọ́ tí ó fi mí rẹ́rìn-ín ti ra ìwé àjákọ kan. Kò tíì ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó yá awò mi, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń fi pẹ́ńsù ya Júpítà àti àwọn òṣùpá rẹ̀ ní alẹ́ tí ojú ọ̀run bá ti mọ́, bí Galileo ti ṣe é. Mo bẹ ìwé náà wò. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ àti wákàtí, róbótó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì mẹ́ta, méjì lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹnì kan sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Mẹ́ta ni a rí. A ó tún wo ìkẹrin lọ́la.”